Ìdáhùn Ọ̀gá Mi Tí Mo Mọ̀ Pé Ó Léwu

Orúkọ mi ni Làmídì. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ iná ṣe ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Rédíò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ínfátà ni mo fi parí. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, mo ti kó irinṣẹ́ mi fún ẹni tó máa lò wọ́n, ojú mi náà kò sì ríran tó láti jó òjé mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Mowé níbí máa ń yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní, ṣé iṣẹ́ yìí ṣì ṣeé kọ́, ṣebí gbogbo ẹ̀ ló ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń bí mi nínú. Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ ò burú. Àmọ́ ẹni tó ń sọ pé gbogbo ẹ̀ ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mi ò mọ̀ bóyá ó ti béèrè rí pé ta ló gbé e síbẹ̀, ìgbà wo ló gbé e síbẹ̀, àti pé ṣé ó ti padà wá wò ó. Ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ló buyì kún mi.

Ifọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfútáù tí gbogbo ayé ń pè ní Ọ̀gá Múfú. Bàbá mi ló mú mi lọ. Wọ́n sọ iye ọdún tí mo máa lò, wọ́n sọ iye tí a máa san, mo dọ̀bálẹ̀, ó tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Ọ̀gá Múfú jẹ́ fún yín. Ó kúrú, kì í pariwo, kì í na ọmọṣẹ́, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá ju ti àwọn ọ̀gá tó ń fi bẹ́líìtì lé ọmọ ká lọ. Òfin méjì ló ní. Èkíní, o ò gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè kankan àfi tí o bá kọ́kọ́ sọ ohun mẹ́ta tí o ti gbìyànjú. Tí o bá lọ dúró níwájú rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, rédíò yìí ò sọ̀rọ̀," ó máa wò ẹ́ bíi pé o ò tíì dé. Á ní kí lo ti wò? Tí o bá ní bátìrì nìkan ni, á padà sídìí iṣẹ́ tiẹ̀, á fi ẹ́ sílẹ̀ lórí ìdúró. Èkejì, o ò gbọ́dọ̀ sọ pé nǹkan ti ṣiṣẹ́ láìsọ ohun tó ṣe é tẹ́lẹ̀.

Òfin kejì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà sílé. Rédíò olùkọ́ kan ni. Mo ti tú u títí, mi ò rí nǹkan kan. Bí mo ṣe gbé e nílẹ̀ tó kọ lu tábìlì báyìí, ó sọ̀rọ̀. Inú mi dùn, mo sáré dé e. Ọ̀gá Múfú ní kí ló ṣe é? Mo ní, ó kàn sọ̀rọ̀ ni, sà. Kò bínú. Ó gba rédíò náà, ó ń mì í, ó ń mì í, títí tó fi dákẹ́ padà, ló bá gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò nídìí rédíò yẹn. Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí i: ibi kan tí wọ́n fi òjé lẹ̀ ti là, ìlà tó là níbẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí mo fi hàn án, ó kàn ní, "O ti rí i," ó sì ní kí n lọ jẹun.

Irinṣẹ́ ìgbà yẹn ò pọ̀. Irin tí a fi ń jó òjé, orí àdògán la ti ń mú un gbóná, èmi ni mo sì ń fẹ́ iná èédú rẹ̀ láràárọ̀ kí ọ̀gá tó dé. Ìgbà tó yá ni ti oníná dé. A ò ní mítà. Gílóòbù kékeré kan tí a so wáyà méjì mọ́ la fi ń mọ̀ bóyá iná ń kọjá. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Múfú ra mítà àkọ́kọ́, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wa fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ọdún mi pé, wọ́n ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ jókòó, mo kúnlẹ̀, ọ̀gá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n jẹ́ ẹ̀jẹ́. Mo ní mi ò ní bú ọ̀gá mi, mi ò ní já oníbàárà rẹ̀ gbà, mi ò sì ní ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba. Gbogbo wọn ní àmín. Mo fi gbogbo ọkàn sọ ọ́, torí mo fẹ́ràn ọ̀gá mi gan-an.

Mo wá sí Mowé nígbà tí ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ létí títì márosẹ̀. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìtòsí ibùdókọ̀ Lotto. Tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ bọ́ mi, lẹ́yìn náà stẹbiláísà, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà yìí ló fojú mi rí màbo. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rédíò, kò bá a sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ wá ìrànlọ́wọ́ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Káfè kan wà ní Ìbàfò nígbà yẹn. Èmi láti Mowé, Ọ̀gá Múfú láti Ifọ̀, a jọ wọ inú ẹgbẹ́ àwọn atúnẹ̀rọṣe kan tí wọ́n ń fi ímeèlì bára wọn sọ̀rọ̀. Mélíǹgì lísìtì ni wọ́n ń pè é. Tí o bá kọ lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ẹgbẹ́, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló máa gbà á. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn á fèsì, gbogbo yín náà á sì rí èsì ọ̀hún. Ilé ni mo ti máa ń kọ ìbéèrè mi sórí bébà, torí aago káfè ò dúró de ẹnì kankan. Ẹ sì wò ó, òfin Ọ̀gá Múfú gan-an ni mo bá níbẹ̀. Tí o ò bá sọ ohun tí o ti gbìyànjú, wọn ò ní dá ẹ lóhùn, àbí kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ sí ẹ tí o ò ní lè jẹun alẹ́. Ìyà yẹn ò kàn mí, mo ti jẹ tèmi tán ní Ifọ̀.

Ohun tó dáa nínú lísìtì ni pé a mọ ara wa. Orúkọ gidi la ń lò, a mọ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, a mọ ẹni tí ẹnu nìkan ló ní. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé lẹ́tà tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Tí o bá ṣì í kọ, o ò lè pè é padà, ó ti wà nínú àpótí ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ọ̀gá Múfú di gbajúmọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti béèrè nǹkan nípa iná, gbogbo wọn á ní kí a dúró de Ọ̀gá Múfú. Èmi ọmọṣẹ́ rẹ̀ á máa ka èsì rẹ̀ ní káfè, orí mi á máa wú.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan kọ̀wé pé ínfátà òun, ẹ̀rọ tó ń sọ agbára bátìrì di iná ilé, máa ń ké, tó bá sì ti ké bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á kú. Súìsì kékeré kan wà nínú ínfátà tó máa ń gé iná fúnra rẹ̀ tí inú ẹ̀rọ bá gbóná jù. Súìsì ooru la ń pè é. Ọ̀gá Múfú fèsì pé súìsì náà ló ti bàjẹ́. Ó ní kó gé e kúrò, kó fi wáyà kan so ibi méjèèjì tó wà tẹ́lẹ̀ pọ̀. Ìlà mẹ́rin péré. Ọkùnrin náà ṣe é, ó ṣiṣẹ́, ó dúpẹ́. Ìdáhùn yẹn ò burú lọ́jọ́ tí ọ̀gá kọ ọ́. Ínfátà ìgbà yẹn tóbi bí àpótí, fáànù rẹ̀ kì í dúró rárá, kò sí bó ṣe máa gbóná kọjá àlà. Àléébù kan ló ní. Ọ̀gá ò sọ irú ínfátà tó ń bá wí.

Ìgbà tó yá, lísìtì tú ká, fọ́rọ̀ọ̀mù ló kù tí gbogbo èèyàn ń lọ, ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń béèrè tí wọ́n sì ń fèsì ní gbangba. Ẹnì kan ṣe wá lóore, ó kó àwọn ìdáhùn tó dáa jù látinú lísìtì lọ síbẹ̀. Ti Ọ̀gá Múfú wà níwájú wọn. Fọ́rọ̀ọ̀mù yá ju lísìtì lọ lọ́nà kan: o ò ní láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kí o tó ka nǹkan, ẹni tó bá wá ìṣòro rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì á kàn bá a níbẹ̀. Mo ti rí ìrànlọ́wọ́ gbà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí kò sì ní mọ̀ mí láéláé. Àmọ́ níbẹ̀, ìdáhùn tí èèyàn púpọ̀ bá dúpẹ́ fún ló máa ń lọ sókè. Ọpẹ́ ni wọ́n ń kà. Ìdáhùn Ọ̀gá Múfú ti kó ọpẹ́ jọ láti ìgbà ínfátà àtijọ́, kò sì sí ẹni tó ń bi ọpẹ́ léèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Wíkì ló dé gbẹ̀yìn. Ìwé kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn jọ ń kọ. Tí o bá rí àṣìṣe níbẹ̀, o ò ní láti bá ẹnikẹ́ni jà, o kàn máa tún un kọ ni, ìwé náà á sì tọ́jú èyí tó wà tẹ́lẹ̀ síbì kan. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ jù. Àmọ́ kò lẹ́nu. O ò lè bi í pé, èyí tó wà níwájú mi yìí ńkọ́? Ẹni tó bá ti mọ orúkọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ló máa rí nǹkan níbẹ̀. Kò sì sí orúkọ ẹnì kankan lókè ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ nìyẹn, ẹ sì máa rí i pé kò yẹ kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Ínfátà kéékèèké dé sọ́jà. Wọ́n fúyẹ́, ọwọ́ kan lo fi máa gbé e. Fáànù tiwọn kì í ṣiṣẹ́ títí inú wọn á fi gbóná, tí fáànù ọ̀hún bá sì bàjẹ́, súìsì ooru nìkan ló kù tó máa gba ilé là. Mo tún ọ̀kan ṣe fún ìyá kan tó ń ta ohun mímu tútù ní Lotto. Ó ń ké, ó ń kú. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí ọ̀gá mi sọ ni mo ṣe, mo fi wáyà so ó pọ̀, mo lọ. Mo gbàgbé mítà mi síbẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ mú un lọ́jọ́ kejì, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ínfátà náà ti yọ́, aṣọ ojú fèrèsé tó wà lẹ́bàá rẹ̀ ti ń dú. Ìyá náà jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò mọ nǹkan kan. Mo sáré fa wáyà bátìrì yọ. Mo ra súìsì tuntun, mo fi sí i, mo pààrọ̀ fáànù rẹ̀, mo sọ fún un pé àtúnṣe kékeré ló kù.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ̀ pé ìdáhùn ọ̀gá mi lè jó ilé. Kí ni mo ṣe? Mo kọ ímeèlì sí i, òun nìkan, kì í ṣe ní gbangba. Kò fèsì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn, kò lọ sí káfè mọ́, èmi náà sì mọ̀. Nígbà tí ọdún Iléyá dé, mo lọ kí i ní Ifọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ilé kún, àwọn àlejò ń yìn ín, wọ́n ní òun ló kọ́ gbogbo Nàìjíríà ní ínfátà. Báwo ni màá ṣe dìde láàárín wọn? Mo jẹ ẹran, mo gba àdúrà, mo wá sílé. Mo wá lọ sórí wíkì, mo kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi wáyà so súìsì ooru pọ̀. Kò sí orúkọ mi níbẹ̀, kò sí ti ọ̀gá. Mo ní mo ti ṣe tèmi. Ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi ń sọ ọ́ fún ara mi.

Mo ti fẹ̀yìntì nígbà tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wa pe ìpàdé kan ní Ìbàfò. Wọ́n ní kí àwa àgbà wá, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀. Ẹjọ́ Kúdírátù ni. Obìnrin kan ni tó ń tún ínfátà ṣe ní Ajùwọ̀n, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti jóná pẹ̀lú ẹ̀rọ oníbàárà tó wà nínú rẹ̀. Ó tún ínfátà kékeré kan ṣe, ó tàn án sílẹ̀ kó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó lọ kírun Àsárì. Ó padà bá èéfín. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti fa wáyà bátìrì yọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì lọ́jọ́ ìpàdé náà, ìka méjì níbẹ̀ ò sì lè ká mọ́.

Wọ́n ò tiẹ̀ bá a kẹ́dùn pẹ́. Wọ́n ní ó ba ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́. Wọ́n fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kó má lè gba iṣẹ́ mọ́. Kúdírátù na fóònù rẹ̀ sókè pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ó ní òun ò dá a ṣe, orí fọ́rọ̀ọ̀mù lòun ti rí i, ẹnì kan tó ń jẹ́ Ọ̀gá Múfú ló kọ ọ́. Ṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ọ̀gá Múfú kì í ṣe àṣìṣe, Kúdírátù ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà. Alága kọjú sí mi, ó ní kí n bá wọn dá sí i, torí èmi ni ọmọṣẹ́ Ọ̀gá Múfú.

Mo dìde. Mo rántí ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́, mo wo ọwọ́ obìnrin yẹn, mo sì sọ ọ́.

"Ó so wáyà náà bó ṣe yẹ. Ìdáhùn ọ̀gá mi ló léwu. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Kúdírátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè. "Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Mo ní ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mo sáré fi kún un pé mo kọ ìkìlọ̀ sórí wíkì.

Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé wíkì kankan wà, sà. Ibi tí mo béèrè sí ni mo ti rí èsì."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó. Wọ́n fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ fún un, àmọ́ ìyẹn ò tó fún mi. Ìdáhùn yẹn ṣì wà níbẹ̀ tó ń gba ọpẹ́, èèyàn mìíràn lè máa kà á bí a ṣe jókòó yẹn. Mo sọ fún Kúdírátù níwájú gbogbo wọn pé mi ò ní sinmi títí màá fi rí i pé a kọ òótọ́ sórí rẹ̀. Kò dúpẹ́. Ó ní òun máa tẹ̀ lé mi lọ ibikíbi tí mo bá ń lọ, kí òun lè rí i pé mo ṣe é.

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ti ojú ìwé yẹn pa lórí fọ́rọ̀ọ̀mù, ẹnikẹ́ni ò lè fèsì sí i mọ́. Mo kọ̀wé sí alábòójútó wọn. Ó ní ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ nìkan ló láṣẹ láti yí i padà. Mo kọ lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ lẹ́ẹ̀kẹta, ohun kan náà ló ń sọ. Mo bínú gan-an, àmọ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀nà tí mo ti ń sá fún láti gbogbo ọdún yìí wá ni wọ́n tọ́ka sí. Mo bá gbé fóònù, mo pe Kúdírátù, a lọ sí Ifọ̀.

Ọ̀gá Múfú jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́, ohùn ló fi dá mi mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, Kúdírátù kúnlẹ̀. Mo sọ ìdí tí a fi wá. Ó ní kí n ka ìdáhùn náà sí òun létí. Mo kà á.

"Irú ínfátà wo ni mo ní kí wọ́n ṣe é sí?"

"Ẹ ò sọ, sà."

"Mi ò sọ." Ó ní kí Kúdírátù sún mọ́ òun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ojú ọgbẹ́ náà jẹ́jẹ́, ó kan àwọn ìka tí kò lè ká. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ìgbà wo ni mo mọ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀: Lotto, ímeèlì, Iléyá, wíkì.

"O wá sílé mi lọ́jọ́ Iléyá," ó ní, "o jẹ ẹran mi, o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi lè jó ilé onílé, o sì lọ."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo ń bọlá fún, sà."

"Ọlá wo, Làmídì? Kí ọmọ ọlọ́mọ máa jóná, kí èmi máa gba ọpẹ́? Ìyẹn lo pè ní ọlá?"

Ọ̀gá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo sunkún níbẹ̀, bàbá àgbàlagbà bíi tèmi. Kò bẹ̀ mí. Ó ní tí mo bá ti sunkún tán kí n mú fóònù, iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Mo ní ká sọ fún wọn kí wọ́n pa ìdáhùn náà rẹ́. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó ti kà á, tó ti ṣe é, tó bá padà wá tí kò bá nǹkan kan, á rò pé ojú ìwé ló sọ nù. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n fa ìlà gba orí rẹ̀, kí wọ́n kọ òótọ́ sókè rẹ̀. Ó wá ń sọ, mo ń tẹ̀ ẹ́: "Èmi Múfútáù ni mo kọ ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí. Mo ṣì í. Ẹ má ṣe é. Tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ lọ tú u lónìí." Kúdírátù ló kọ bí èèyàn ṣe máa mọ irú ínfátà tó wà níwájú rẹ̀ àti bó ṣe máa pààrọ̀ súìsì àti fáànù, ọwọ́ òsì ló fi tẹ gbogbo rẹ̀, kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Ìlà tó kẹ́yìn ni tèmi. Mo kọ pé èmi Làmídì, ọmọṣẹ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé ó léwu, mo sì dákẹ́.

A fi ránṣẹ́ sí alábòójútó fọ́rọ̀ọ̀mù, ó ní báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé Ọ̀gá Múfú gan-an nìyí. Ọ̀gá béèrè orúkọ rẹ̀. Bí mo ṣe dárúkọ alábòójútó náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ lísìtì àtijọ́ ni, ó sì sọ irú tẹlifíṣọ̀n tó da ọmọ náà láàmú nígbà náà àti ibi tí àléébù rẹ̀ wà. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Kò pé wákàtí kan tó fi ṣí ojú ìwé náà, ó gbé ọ̀rọ̀ wa sókè pátápátá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Ẹ béèrè ní fọ́rọ̀ọ̀mù, ẹ ka wíkì, tí ẹ bá rí lísìtì tó ṣì wà, ẹ wọ̀ ọ́. Àmọ́ tí ẹ bá dá èèyàn lóhùn, ẹ sọ ẹ̀rọ tí ẹ ń bá wí. Tí ẹ bá sì rí i pé ohun tí àgbà kọ ti di ewu, ẹ kọ̀wé sí abẹ́ rẹ̀ gan-an, níbi tí ẹni tó nílò rẹ̀ ti máa rí i, ẹ kí àgbà náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin tí ọ̀rọ̀ wa bọ́ síta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, èsì àkọ́kọ́ wọlé. Ọkùnrin kan ní Òṣogbo ni. Ó ní òun so wáyà náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní iwájú ilé iṣẹ́ lòun dúró sí tí òun fi ka ọ̀rọ̀ wa, òun ń sáré lọ sílé, inú yàrá tí àwọn ọmọ òun ń sùn sí ni ínfátà náà wà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ nǹkan kan mọ́. Kúdírátù wà lọ́dọ̀ mi, kò gbé ojú kúrò lára fóònù. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago méjìlá kó tó kọ̀wé. Ó ní òun ti tú u. Ó ní ooru ti ń mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n.

Mo pe Ọ̀gá Múfú. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Ọmọ mélòó ló ń sùn níbẹ̀?"

Kúdírátù kọ ọ́ béèrè, ọkùnrin náà fèsì. Mo ní mẹ́ta ni, sà. Mo gbọ́ tó ń sunkún, mo di fóònù náà mú létí, mi ò gé e.